Bí A Ṣe Ń Wọn Ooru Tí Èròjà Ń Tú Jáde

Nígbà tí èròjà kan bá pàdé òmíràn tí wọ́n sì di nǹkan tuntun, agbára kì í dúró lójú kan. Nígbà mìíràn ó ń jáde bí ooru, bí ti èédú tó ń jó, tàbí ti kọ́sítíìkì tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń dà sómi, tí omi náà á gbóná láìfojú kan iná. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ṣe ló ń fa ooru mọ́ra: ẹni tó bá po ajílẹ̀ yúríà mọ́ omi yóò rí i pé ike náà tutù lọ́wọ́.

Inú bí àwọn átọ́ọ̀mù ṣe di ara wọn mú ni agbára yìí wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìgbà tí ìdè wọn bá já ni ooru ń tú jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Jíjá ìdè ń náni ní agbára. Ìdè tuntun ló ń pa á wọlé. Bí a bá mú háídrójìn gíráàmù 2 àti kílórínì bíi gíráàmù 71, ìdè háídrójìn yóò gba kílójúùlù 436 kó tó já, ti kílórínì yóò gba 242. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 678. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá so pọ̀, 862 ni wọn yóò mú wá. Èrè orí rẹ̀, kílójúùlù 184, ni ooru tó jáde. Ìnáwó àkọ́kọ́ yẹn náà ni kì í jẹ́ kí èédú ṣàdédé gbiná. Ìṣáná ló ń bá a san án.

Kò sí òṣùwọ̀n tí a lè gbé agbára lé. Omi tó yí èròjà náà ká ni a ń wò. Gíráàmù omi kan ń fẹ́ júùlù 4.18 kó tó fi ìwọ̀n Celsius kan gbóná sí i. Nítorí náà, bí gíráàmù omi 200 bá kúrò ní ìwọ̀n 28 dé 38, júùlù 8,360 ló wọ inú rẹ̀.

Yìnyín ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Lavoisier àti Laplace lò láti wọn ooru ní Paris, nígbà òtútù ọdún 1782 sí 1783. Wọ́n fi yí ohun tó ń jó ká, wọ́n sì wọn omi tó yọ́ sílẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ gbé ẹranko kékeré kan tó jọ ẹmọ́ sínú rẹ̀, wọ́n fi ooru ara rẹ̀ wé ti èédú, wọ́n sì sọ pé mímí náà jẹ́ iná tó ń jó díẹ̀díẹ̀.

Bọ́ǹbù tí Berthelot ará Faransé gbé jáde ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló wọ́pọ̀ lónìí. Orúkọ rẹ̀ ló ń dẹ́rù bani: ìkòkò irin líle lásán ni, tí wọ́n rọ ọ́síjìn kún, tí wọ́n rì sínú omi, tí wáyà iná mànàmáná sì ń tanná sí ohun tó wà nínú rẹ̀. Irin náà ń gba tirẹ̀ nínú ooru, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ sun ásíìdì bẹ̀ǹsóíkì, tí ooru gíráàmù rẹ̀ kan, kílójúùlù 26.4, ti dájú, láti mọ ohun tí irin ń gbà.

Àwọn ooru kan wà tí kò ṣeé wọ̀n tààrà. Bí èédú bá jó láìrí ọ́síjìn tó, kábọ́ọ̀nù mónóksáídì, gáàsì tó ń pa èèyàn nínú yàrá tí wọ́n tì pa, ni yóò mú jáde, ṣùgbọ́n kì í dá nìkan jáde. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Hess, ní ìlú St. Petersburg lọ́dún 1840, fi hàn pé ọ̀nà yòówù kí àyípadà gbà, ooru rẹ̀ kò yàtọ̀. Kábọ́ọ̀nù gíráàmù 12 tó jó tán pátápátá ń mú kílójúùlù 393.5 wá, gáàsì burúkú náà, bó bá jó, ń mú 283 wá. Ìyàtọ̀ wọn, 110.5, ni ohun tí a ń wá.

Kálórì tí a ń kà lára páálí bisikíìtì kò jìnnà sí èyí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ júùlù 4,184. Bọ́ǹbù nìkan kò tó fún oúnjẹ, nítorí ara kì í jó purotéènì tán. Apá kan ń bá ìtọ̀ lọ. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Atwater ní Amẹ́ríkà yọ èyí kúrò, iye tí a sì ń lò títí dòní ni kálórì 4 fún gíráàmù purotéènì kan, 4 fún sítáàṣì, àti 9 fún ọ̀rá.