Ìtọ̀ Tó Ń Pọ́n Bí Ó Bá Rí Oòrùn

Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ẹni tó bá ti gbọ́ nípa àrùn porphyria ni ìtọ̀ tó pọ́n bíi wáìnì. Ní 1889, dókítà ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan, B. J. Stokvis, kọ̀wé nípa ìyá àgbàlagbà kan tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n dòdò lẹ́yìn tó lo oògùn oorun tí wọ́n ń pè ní sulphonal. Láti ìgbà náà ni àwọ̀ ìtọ̀ ti di àmì tí wọ́n fi ń dá àrùn yìí mọ̀. Èrò tèmi ni pé àwọ̀ nìkan kò tó gbára lé. Ó yẹ kó mú wa béèrè ìbéèrè ni, kò yẹ kó dáhùn rẹ̀ fún wa, torí ìtọ̀ aláìsàn lè mọ́ gaara nígbà tí àrùn ń jà, ti ẹni tí kò ní in sì lè pọ́n.

Ìdí rẹ̀ wà nínú bí ara ṣe ń ṣe heme, èròjà tó mú ẹ̀jẹ̀ pupa tó sì ń bá a gbé ọ́síjìn kiri. Ipele mẹ́jọ ni iṣẹ́ náà ń gbà, ẹ́ńsáìmù kan ló sì ń bójú tó ipele kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá lágbára tó, iṣẹ́ á há síbẹ̀, èròjà tí kò tíì parí á máa kó jọ, á sì máa bá ìtọ̀ jáde. Nínú oríṣi porphyria kan, acute intermittent porphyria, ọ̀kan pàtàkì lára ohun tó ń kó jọ ni porphobilinogen, tí kò láwọ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká bu ìtọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sínú ìgò méjì, ká gbé ọ̀kan sójú fèrèsé tí oòrùn ti ń wọlé, ká fi nǹkan dúdú wé èkejì. Bí wákàtí ti ń gorí wákàtí, ti ojú fèrèsé á máa pọ́n, á sì máa ṣú sí i, torí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ń sọ porphobilinogen di èròjà mìíràn tó láwọ̀. Èyí tí a wé á pẹ́ kó tó yí. Nítorí náà, dókítà tó bá fi ojú lásán wo ìtọ̀ tuntun lè sọ pé kò sí nǹkan kan, nígbà tí inú ń run aláìsàn burúkú, tó ń bì, tí ọwọ́ òun ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọ̀ lè purọ́ mọ́ ẹni. Ní 1966, Ida Macalpine àti ọmọ rẹ̀ Richard Hunter, dókítà ọpọlọ ni àwọn méjèèjì, kọ ọ́ pé porphyria ló da orí Ọba George Kẹta ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rú. Lára ẹ̀rí wọn ni àkọsílẹ̀ àwọn dókítà ààfin nípa àwọ̀ ìtọ̀ ọba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Timothy Peters àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún tú àkọsílẹ̀ náà wò ní 2010, wọ́n ní ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìtọ̀ náà mọ́, àti pé egbòogi gentian tí wọ́n ń fún ọba lè jẹ́ ohun tó sọ ọ́ di aláwọ̀ aró.

Ẹnìkan lè sọ pé àrùn yìí ṣọ̀wọ́n, kí ló kàn wá? Òótọ́ ni pé ó ṣọ̀wọ́n. Nílẹ̀ Yorùbá, bí ìtọ̀ bá pọ́n, ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ fura sí ni kòkòrò inú odò tó ń fa ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, ibà tó le, àìsàn ẹ̀dọ̀, tàbí rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n àrùn tó ṣọ̀wọ́n náà ń pani. Ẹni tí a kò mọ̀ pé ó ní porphyria, wọ́n lè la inú rẹ̀ lásán, wọ́n sì lè fún un ní oògùn barbiturate tàbí sulphonamide, tó ń ru àrùn náà sókè. Ẹni tí a bá tètè dá mọ̀, omi glucose tí a fà sí i lára àti oògùn hemin lè dá ìkọlù àrùn náà dúró.

Ẹlòmíràn á ní bí àwọ̀ bá ń tanni jẹ, kí la tún ń wò ó fún? À ń wò ó torí pé ó ń ta wá lólobó. Bí ìtọ̀ bá pọ́n, tí àyẹ̀wò kò rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, tí kò sì sí oògùn tàbí oúnjẹ tó fà á, ó yẹ ká ronú kan porphyria. Bí inú bá sì ń run ènìyàn léraléra láìnídìí, pàápàá bí irú rẹ̀ bá wà nínú ẹbí, ká yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò bó tilẹ̀ mọ́ gaara. Láti 1941 ni Watson àti Schwartz ti gbé àyẹ̀wò jáde ní Amẹ́ríkà tó ń rí porphobilinogen tí ojú kò rí. Kí wọ́n gba ìtọ̀ náà nígbà tí ìrora ń lọ lọ́wọ́, kí wọ́n bò ó kí ìmọ́lẹ̀ má kàn án, kí wọ́n sì kọ porphobilinogen sórí ìwé àyẹ̀wò ní pàtó, torí àyẹ̀wò ìtọ̀ ojoojúmọ́ kì í wá a.