Ajá Tó Gbé Ọ̀rá Mì

Ní ọjọ́ kan, Tanímọ̀la, ajá wa, rí àpò ọ̀rá tí a fi di ẹran. Òórùn ẹran ṣì wà lára rẹ̀. Ó rún un, ó sì gbé e mì. Ní ọjọ́ kejì, ó ń bì. Kò fẹ́ jẹun. Kí ló ṣe é?

Ẹ̀kọ àti ẹran máa ń dà nínú ikùn ajá. Ọ̀rá àti okùn kì í dà. Bí ohun tí ajá gbé mì bá kéré, ó lè bá ìgbẹ́ jáde. Bí ó bá tóbi, ó lè dí ìfun. Oúnjẹ kò ní rí ọ̀nà kọjá. Ikùn ajá lè wú, ajá sì lè kú.

Kí ni kí á ṣe? Ẹ má ṣe fún un ní oògùn kankan. Bí okùn bá yọ ní ìdí rẹ̀, ẹ má ṣe fà á. Okùn lè gé ìfun rẹ̀. Ẹ tètè sọ fún àgbà ilé.

Bàbá gbé Tanímọ̀la lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Dókítà yọ ọ̀rá náà. Ara rẹ̀ ti yá.

Ajá kò mọ̀ pé ọ̀rá kì í ṣe oúnjẹ. Àwa mọ̀. Ẹ jẹ́ kí á máa ṣa ọ̀rá nílẹ̀.