Ọ̀gá Gọ́tà àti Ọ̀nì Abẹ́ Ilẹ̀ New York

Ẹni tó bá ti ń wo sinimá Amẹ́ríkà mọ ìtàn náà. Àwọn ará New York ra ọmọ ọ̀nì bọ̀ láti Florida, ó sú wọn, wọ́n jù ú sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n fi omi lé e lọ. Ó dàgbà sínú òkùnkùn, ó fọ́jú, ó sì di àfín. Ohun tí a kì í sábà bèèrè ni ẹni tó jẹ́rìí sí i. Ọ̀gá àgbà gọ́tà ìlú náà gan-an ni.

Ipò yìí kì í sọ èèyàn di gbajúmọ̀. Páìpù tó wà lábẹ́ ìlú náà lé ní 7,000 máìlì, bí gbogbo rẹ̀ bá sì ń lọ déédéé, ta ni yóò bèèrè ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀? Àfi ọ̀gá kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nínú ìwé kan tó jáde ní 1959, ó ní ní nǹkan bí ọdún 1935, àwọn ọmọọṣẹ́ òun ń sọ pé àwọn ń rí ọ̀nì nísàlẹ̀. Ó rò pé ọtí ló ń pa wọ́n, ó tilẹ̀ rán àwọn kan kí wọ́n lọ ṣọ́ ibi tí wọ́n ti ń rí i mu. Nígbà tó yá, ó gbé tọ́ọ̀ṣì, ó sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀nì sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, gígùn wọn tó ẹsẹ̀ bàtà 2. Ó ní májèlé àti ìbọn làwọn fi pa wọ́n run.

Ẹlẹ́rìí yìí gbọ́n. Ó rí i, ó pa á, kò sì ṣẹ́kù ẹyọ kan tí a lè bá a wò.

Ìjòyè mìíràn ní ilé iṣẹ́ kan náà fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó ní oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ ti gba inú ẹlòmíràn kọjá kó tó débẹ̀, àti pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò fi ọ̀rọ̀ ọ̀nì bèèrè àfikún owó oṣù rí. Ní tèmi, kókó kejì yìí ló lágbára jù. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wo ni yóò fojú fo irú owó bẹ́ẹ̀?

Síbẹ̀, àwọn tó gba ìtàn náà gbọ́ ní ẹ̀rí kan tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní oṣù Èrèlé 1935, àwọn ọ̀dọ́ kan ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín sínú ihò gọ́tà ní òpópónà 123, ní Harlem, ni wọ́n bá rí ọ̀nì tí gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 8. Wọ́n fi okùn fà á jáde. Nígbà tó fẹ́ bu wọ́n jẹ, wọ́n fi ṣọ́bìrì lù ú pa. Ìwé ìròyìn New York Times gbé e. Àmọ́ ohun tí wọ́n rò nígbà yẹn ni pé inú ọkọ̀ ojú omi tó ti gúúsù bọ̀ ló ti já bọ́. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀nì kan tí òtútù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa kò sì fi hàn pé agbo ọ̀nì ń bímọ lábẹ́ ìlú.

Òkú yẹn náà kò pẹ́ nílẹ̀. Ọkọ̀ akólẹ̀ ìjọba ló wá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń sun pàǹtírí.