Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé fún Ẹni tí Àìsàn Ń Bá Fínra

Ọgbà aláìsàn lè jẹ́ ẹbè kan péré, ó sì lè jẹ́ àpò ìrẹsì mẹ́ta tí a rọ iyẹ̀pẹ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tí àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, jẹjẹrẹ, àìsàn kíndìnrín tàbí àrùn rọpárọsẹ̀ ń bá fínra lè gbin ẹ̀fọ́ tí yóò máa jẹ síbẹ̀. Ọgbà kò lè rọ́pò oògùn tàbí dókítà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mú ẹ̀fọ́ tútù sún mọ́ ìkòkò ọbẹ̀, láti jẹ́ kí oríkèé ara máa ṣiṣẹ́, àti láti gba ọkàn lọ́wọ́ ìrònú.

Ìtọ́jú tó so mọ́ iṣẹ́ oko kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, fún àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ. Wọn kò tì wọ́n mọ́lé. Àwọn aláìsàn ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, mọ̀lẹ́bí wọn wà pẹ̀lú wọn, wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú ní ọsibítù, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ oko. Ètò náà di mímọ̀ káàkiri àgbáyé, Lambo sì padà di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi gbogbo ni irú iṣẹ́ oko bẹ́ẹ̀ ti rọrùn. Ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmaikò, ilẹ̀ Àwórì tó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, àyè oko ti há. Ọjà Alábà àti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ti fa èrò wá, ilé sì ti gba ọ̀pọ̀ ibi tí oko wà tẹ́lẹ̀. Iyanrìn pọ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀: lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn omi kì í pẹ́ gbẹ, lásìkò òjò sì rèé, àgbàrá a máa bo ibi tó rẹlẹ̀.

Ewu mìíràn wà tí ojú kì í rí. Níbi tí wọ́n bá ti ń sun wáyà láti yọ bàbà inú rẹ̀, tí wọ́n ń da bátìrì nù, tàbí tí àwọn mẹkáníìkì ń da ọ́ìlì sílẹ̀, òjé àti májèlé mìíràn máa ń wọ inú ilẹ̀, ẹ̀fọ́ sì lè fà á mu. Òjé a máa ba kíndìnrín jẹ́. Nítorí náà, kí a má gbin ohun jíjẹ sí irú ibẹ̀, tàbí sí etí títì márosẹ̀.

Àpò ló yanjú ìṣòro àyè tó há àti ti ilẹ̀ tó ní májèlé. A ó lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè jáde. A ó po iyẹ̀pẹ̀ dúdú ìwọ̀n méjì mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà ìwọ̀n kan. Ìgbẹ́ tó bá ṣì tutù yóò jó gbòǹgbò ewéko, yóò sì kó kòkòrò àrùn wọlé. Bí a bá gbé àpò náà lé búlọ́ọ̀kù, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kò ní bẹ̀rẹ̀, ẹni tí apá kan ara rẹ̀ rọ yóò sì lè fi ọwọ́ kejì ṣiṣẹ́ lórí àga.

Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú tó jíjẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Gbúre kò nílò ju igi rẹ̀ tí a gún mọ́lẹ̀. Úgù ń fẹ́ ohun tí yóò fà mọ́, bí a bá sì ti ń gé e ló ń rúwé. Àsìkò tó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ ni Oṣù Kẹrin, tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀fọ́ ló bá gbogbo àìsàn mu. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti alátọ̀gbẹ lè jẹ tẹ̀tẹ̀ dáadáa, bí iyọ̀ àti epo ọbẹ̀ kò bá pọ̀. Ṣùgbọ́n potásíọ́mù pọ̀ nínú ẹ̀fọ́ ewé, ó sì lè ba iṣẹ́ ọkàn jẹ́ lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́; irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè ìwọ̀n tirẹ̀ lọ́wọ́ dókítà. Bíbọ ẹ̀fọ́ kí a sì da omi rẹ̀ nù máa ń dín potásíọ́mù inú rẹ̀ kù. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò gbọdọ̀ ṣàdédé fi kún ẹ̀fọ́ tó ń jẹ tàbí dín in kù. Omi ewúro pẹ̀lú oògùn àtọ̀gbẹ lè mú kí ṣúgà ara já wálẹ̀ jù.

Òwúrọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí aláìsàn wọ ọgbà, kí ó wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà, kí ó sì dúró bí ó bá ti ń mí gúlegúle tàbí bí àyà bá ń dùn ún. Ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ lè má mọ̀ bí nǹkan bá gún un. Ojoojúmọ́ ni kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ tó ń dín agbára ara láti dènà àrùn kù kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìgbẹ́ adìyẹ rárá. Abẹ́rẹ́ tó ń dènà ipá ṣe pàtàkì fún gbogbo ẹni tó bá ń fọwọ́ kan ilẹ̀. Kí omi má dúró nínú ike, nítorí ẹ̀fọn. Ibà kì í fojú rere wo ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde.

Ọjọ́ tí ara kò bá gbà, ọmọ ilé tàbí aládùúgbò ni yóò bomi rin ọgbà. Kí ìdílé ti pín iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó gbin hóró àkọ́kọ́, kí ọgbà má baà di ẹrù lórí ẹni tó yẹ kó ràn lọ́wọ́.