Alùpùpù oníná mànàmáná lórí ilẹ̀ olókè

Alùpùpù oníná mànàmáná jẹ́ ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí bátìrì àti ẹ̀rọ oníná ń gbé rìn, tí kò ní ẹ́ńjìnnì tí ń jó epo bẹntiróòlù. Irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ ti wọ eré-ìje motocross, èyí tí àwọn eléré máa ń sá lórí yẹ̀pẹ̀, ẹrẹ̀ àti òkìtì. Ó sì ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀kadà ní àwọn ìlú kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àyọkà yìí ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ibi tí ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ dé, àti ohun tí ilẹ̀ olókè bíi Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ní ilẹ̀ Àkókó, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Gígun òkè kò nira fún ẹ̀rọ oníná. Ibi tí iná yóò ti wá àti ẹni tí yóò ru owó bátìrì ni ó le jù.

Ilẹ̀ Àkókó àti iṣẹ́ ọ̀kadà

Ìkàrẹ́ ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìlà-Oòrùn Àkókó, Ọ̀kà sì ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó. Àríwá Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni àwọn ìlú méjèèjì wà, ìlú Àkùngbá, níbi tí Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin wà, sì wà láàárín wọn. Àpáta àti òkè ni ó yí agbègbè náà ká. Ọ̀kà fúnra rẹ̀ jẹ́ àkójọpọ̀ ọ̀pọ̀ àdúgbò, tí àwọn kan wà lórí òkè, tí àwọn mìíràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ láti àdúgbò kan sí èkejì lè gun òkè, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó sì tún gun òmíràn kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ.

Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, alùpùpù wúlò púpọ̀, nítorí pé ó lè gba ọ̀nà tóóró àti ọ̀nà tí òjò ti wọ́ kọjá. Orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́, ìyẹn ọ̀kadà, wá láti ara ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀. Ìlú rẹ̀, Ọ̀kadà, ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, ni ó fi sọ ilé iṣẹ́ náà lórúkọ. Àwọn ará ìlú wá fi orúkọ ọkọ̀ òfurufú náà dápàárá, wọ́n fi ń pe alùpùpù tí ń sáré gba àárín ọkọ̀ kọjá.

Epo ni ìnáwó ojoojúmọ́ tí ó wúwo jù fún ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà epo tí kò tó 200 náírà ní ilé epo ìjọba fò sókè sí nǹkan bí 500 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí òkè ni ìyípadà náà dùn jù, nítorí pé ẹ́ńjìnnì a máa jó epo púpọ̀ nígbà tí ó bá ń gun òkè pẹ̀lú èrò tàbí ẹrù lẹ́yìn.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ohun mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì jù nínú alùpùpù yìí: bátìrì lithium tí ń tọ́jú iná, ẹ̀rọ oníná tí ń yí táyà ẹ̀yìn, àti ẹ̀rọ ìdarí tí ń pinnu iye iná tí yóò kọjá nígbà tí ọwọ́ bá yí ìjánu. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní kílọ́ọ̀ṣì, wọn kò sì ní jíà tí a ń pààrọ̀. Wọn kò ní kabúrétọ̀, púlọ́ọ̀gì tàbí òróró ẹ́ńjìnnì.

Ẹ́ńjìnnì elépo kì í lo agbára rẹ̀ dáadáa àfi tí ó bá ń yí kíákíá. Ìdí nìyí tí ọlọ́kadà fi ń já jíà sílẹ̀ sí ìkíní nígbà tí ó bá dé ẹsẹ̀ òkè, tí ẹ́ńjìnnì yóò sì máa ké. Ẹ̀rọ oníná yàtọ̀: láti ìdúró ni ó ti ní agbára ìyíká rẹ̀ tí ó pọ̀ jù. Bí alùpùpù bá dúró ní àárín òkè láti gbé èrò, ó lè tún gbéra láìsí pé ẹni tí ń gùn ún ń fi kílọ́ọ̀ṣì jìjàkadì.

Iye iná tí gígun òkè ń gbà ṣeé ṣírò. kWh ni a fi ń wọn iná inú bátìrì, kWh kan sì ni yúníìtì kan lórí mítà ilé. Ká ní alùpùpù, ẹni tí ń gùn ún àti èrò kan wúwo tó kílógíráàmù 250 lápapọ̀, tí wọ́n sì gun òkè tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 100. Agbára tí ó gbé ìwúwo náà sókè jẹ́ nǹkan bí 0.07 kWh. Bí a bá fi èyí tí ó ṣòfò sínú ooru kún un, kò ní ju 0.1 kWh lọ. Nítorí náà, bátìrì tí ó gba 2 kWh lè gun irú òkè bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà ogún, bí a kò bá ka ìrìn orí ilẹ̀ títẹ́jú mọ́ ọn.

Nígbà tí alùpùpù bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rọ kan náà lè di amúnáwá. Táyà ni yóò máa yí ẹ̀rọ, iná yóò máa padà sínú bátìrì, eré yóò sì máa dínkù láìjẹ́ pé bíréèkì ń gbóná. Apá kan péré nínú agbára tí a fi gun òkè ni ó ń padà lọ́nà yìí. Ó sì ní ibi tí ó mọ: bí bátìrì bá ti kún, kò sí àyè tí iná yóò wọ̀ sí, bíréèkì nìkan ni yóò sì kù láti dá alùpùpù dúró. Ní ìlú olókè, ó dára kí ibi tí a ti ń gba bátìrì kíkún wà ní ìsàlẹ̀ òkè, kí ẹni tí ó gbà á lè kọ́kọ́ gùn kí ó tó sọ̀.

Ohun tí eré-ìje motocross ti fi hàn

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni eré-ìje motocross ti bẹ̀rẹ̀. Ìdíje tí a kà sí ti àkọ́kọ́ wáyé ní Camberley, ní agbègbè Surrey, ní ọdún 1924. Láti ìgbà náà, pápá eré yìí ti di ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń dán ohun tuntun wò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú. Àpẹẹrẹ kan ni ṣọ́ọ̀kì ẹyọ kan ní ẹ̀yìn. Lucien Tilkens, ará Bẹ́ljíọ̀mù, ni ó ṣe ètò rẹ̀, Yamaha sì gbà á. Håkan Andersson fi irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti 250cc ní ọdún 1973. Lónìí, ọ̀pọ̀ alùpùpù tí ń rìn lójú títì ni ó ń lo ṣọ́ọ̀kì ẹyọ kan.

Iná mànàmáná ni ìyípadà tí ó ń lọ lọ́wọ́ báyìí. Ilé iṣẹ́ Alta Motors ní Kalifọ́níà wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ta alùpùpù oníná fún motocross, ìyẹn Redshift, ṣùgbọ́n ó kógbá sílé ní ọdún 2018. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, Stark Future, tí ibùdó rẹ̀ wà ní Spéìn, fi Stark VARG hàn. Ilé iṣẹ́ náà sọ pé agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 80, pé ó wúwo tó nǹkan bíi kílógíráàmù 110, àti pé bátìrì rẹ̀ gba 6 kWh. Ní ọdún 2023, Honda kó alùpùpù àdánwò rẹ̀, CR Electric Proto, wọ ìdíje motocross orílẹ̀-èdè Japan. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìdíje àgbáyé FIM E-Xplorer, tí a yà sọ́tọ̀ fún alùpùpù oníná, bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, pápá eré àti ọ̀nà ọjà kò dọ́gba. Ìdíje kan nínú motocross àgbáyé kì í ju ìṣẹ́jú 30 àti ìyípo méjì lọ, lẹ́yìn èyí tí eléré yóò lọ sinmi. Ọlọ́kadà lè wà lójú ọ̀nà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bátìrì tí ó tó fún eré-ìje kò tó fún iṣẹ́ ọjọ́ kan, bí a bá sì sọ ọ́ di ńlá, alùpùpù yóò wúwo, yóò sì wọ́n. Ìdí nìyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ní Áfíríkà fi yan pípààrọ̀ bátìrì.

Ní Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Nàìjíríà

Ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, zemidjan ni wọ́n ń pe ọ̀kadà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, epo tí wọ́n ń gbà ní ẹ̀yìn-odi láti Nàìjíríà, tí a mọ̀ sí kpayo, ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Nígbà tí owó epo gòkè ní Nàìjíríà ní ọdún 2023, iye kpayo gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Spiro ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò kí ọ̀wọ́n epo yìí tó dé. Ní ọ̀dọ̀ wọn, ẹni tí bátìrì rẹ̀ bá fẹ́ tán yóò yà sí ibùdó kan, yóò fi èyí tí ó ti lò sílẹ̀, yóò gba èyí tí ó kún, yóò sì san owó pààrọ̀ náà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó ń gbà. Ilé iṣẹ́ ni ó ni bátìrì, nítorí náà ẹni tí ń gun alùpùpù kò ní láti ra ohun tí ó wọ́n jù nínú rẹ̀. Spiro ti wọ Nàìjíríà pẹ̀lú, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ti bá a ṣe àdéhùn.

Ní Nàìjíríà, Adétáyọ̀ Bámidúró àti Chinedu Azodoh dá ilé iṣẹ́ MAX sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2015, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán alùpùpù oníná wò ní ọdún 2019. Ìdánwò kan wáyé ní abúlé Gbamu-Gbamu, Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ilé iṣẹ́ Rubitec ti kọ́ ibùdó iná oòrùn fún àwọn ará abúlé. Ìdánwò náà fi hàn pé alùpùpù oníná lè wà ní ibi tí wáyà iná ìjọba kò dé. Òfin tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi de ọ̀kadà ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2020 kan MAX àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó di dandan fún wọn láti yí ọ̀nà iṣẹ́ wọn padà.

Ohun tí Àkókó yóò béèrè

Iná ni àkọ́kọ́. Ilé iṣẹ́ BEDC ni ó ń pín iná fún Ìpínlẹ̀ Oǹdó, iná rẹ̀ kì í sì í dúró déédéé. Bí ibùdó bátìrì bá ní láti tan jẹnẹrétọ̀, epo tí a sá fún ni a tún padà sí. Iná oòrùn lè gba iṣẹ́ náà. Bí alùpùpù mẹ́wàá bá ń lo 3 kWh lójúmọ́, 30 kWh ni wọn yóò nílò. Bí páńẹ́ẹ̀lì oòrùn tí agbára rẹ̀ jẹ́ kilowatt 10 bá rí oòrùn tí ó mú fún wákàtí mẹ́rin, yóò pèsè nǹkan bí 40 kWh kí a tó yọ èyí tí ó ṣòfò kúrò. Ó tó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ọjọ́ tí òjò bá ṣú láti àárọ̀ di alẹ́, a óò nílò àfikún.

Ìkejì ni iye ibùdó. Kò ní wúlò bí ọ̀kan ṣoṣo bá wà ní Ìkàrẹ́ tí èrò bá ń lọ sí Ọ̀kà tàbí abúlé tí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ilé iṣẹ́ méjì bá sì wá pẹ̀lú bátìrì tí kò bára mu, ọlọ́kadà kò ní lè lo ibùdó ẹnìkejì. Ní ọdún 2021, Honda, Yamaha, KTM àti Piaggio da ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti fohùn ṣọ̀kan lórí irú bátìrì kan tí alùpùpù gbogbo wọn lè lò. Àwọn ìlú kéékèèké ni irú ìṣọ̀kan bẹ́ẹ̀ yóò ṣe láǹfààní jù, nítorí pé wọn kò lè gba ibùdó púpọ̀.

Ìkẹta ni eruku, òjò àti ooru. Eruku ọyẹ́ àti omi kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀rọ ìdarí àti ojú ìsopọ̀ bátìrì, èyí tí alùpùpù motocross ti ń rí bíi iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ooru gbígbóná a máa dín ọjọ́ ayé bátìrì lithium kù, nítorí náà ó yẹ kí ibi tí a ń tò wọ́n sí ní ibòòji àti afẹ́fẹ́.

Ìkẹrin ni àwọn mẹkáníìkì. Ẹni tí ó ti ń tú ẹ́ńjìnnì láti ìgbà tí ó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò ní rí ẹ́ńjìnnì tú mọ́. Táyà, bíréèkì, ṣéènì àti ṣọ́ọ̀kì yóò ṣì wà fún un, ṣùgbọ́n yóò ní láti kọ́ bí a ṣe ń fi mítà yẹ iná wò àti bí a ṣe ń fọwọ́ kan bátìrì láìfarapa. Bí ilé iṣẹ́ kò bá kọ́ wọn, alùpùpù tí ó bá bàjẹ́ ní Ọ̀kà yóò di ohun tí a ń gbé lọ sí ìlú ńlá fún àtúnṣe, owó ọjọ́ náà yóò sì bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín.

Ìkarùn-ún ni bátìrì tí ó ti gbó. Bátìrì tí kò lè gba iná tó bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ kò dára fún gígun òkè, ṣùgbọ́n ó ṣì lè tọ́jú iná oòrùn fún ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn èyí, a gbọ́dọ̀ dá a padà sí ibi tí a ti lè yọ àwọn ohun inú rẹ̀ lò. Bátìrì lithium tí a bá jù sí ààtàn lè gbiná, ohun inú rẹ̀ sì lè ba ilẹ̀ àti omi jẹ́.