Ìgbìmọ̀ Olùdarí Ilé-iṣẹ́ àti Ìròyìn Ojúṣe sí Àwùjọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá pẹ̀lú. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń tẹ ìròyìn jáde. Yàtọ̀ sí èrè àti gbèsè, ìròyìn náà a máa sọ ohun tí ilé-iṣẹ́ ṣe fún àwùjọ: ilé-ìwé tí ó kọ́, kànga tí ó gbẹ́, ìdọ̀tí tí ó kó. Ìgbìmọ̀ olùdarí ni ó ń fi ọwọ́ sí i. Irú ènìyàn tí ó bá jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà ni ó ń pinnu ìbéèrè tí wọn yóò bèèrè kí wọ́n tó fi ọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ìbàràpá ṣe àpẹẹrẹ. Ní àwọn ọdún 1980, sòbìà dá ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ dúbúlẹ̀ ní Ìdèrè, nítòsí Ìgbò-Ọrà, nítorí omi adágún tí wọ́n ń mu. Ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó jẹ́rìí pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan gbẹ́ kànga mẹ́wàá sí irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí gbogbo wọn jẹ́ ọmọ abẹ́ ọ̀gá àgbà lè kọ ọ́ pé, “A gbẹ́ kànga mẹ́wàá,” kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Obìnrin tí ó ti ru omi rí, tàbí olùdarí tí kò gbára lé ọ̀gá àgbà, lè bèèrè pé, “Mélòó ni omi ṣì wà nínú rẹ̀?” Iye kejì yìí ni ó wúlò fún ará Ìdèrè.

Òfin mọ èyí. Nígbà tí òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 kọ́kọ́ jáde, ó ní kí ilé-iṣẹ́ tí ó lè ta ìpín fún ará ìlú ní olùdarí olómìnira mẹ́ta, ó kéré tán. Nínú ìlànà 9 tí àwọn báńkì gbà ní ọdún 2012, ẹ̀kẹrin wà fún ìgbéga obìnrin, ẹ̀kẹfà fún àbójútó, ẹ̀kẹsàn-án fún ìròyìn.

Síbẹ̀, àga nìkan kò tó. Àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ púpọ̀ rí i pé níbi tí obìnrin àti olùdarí olómìnira bá pọ̀, ìròyìn a máa kún sí i, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ní ọdún 2006 ni ó hàn pé wọ́n ti bù kún iye owó nínú ìwé ìṣirò Cadbury Nigeria, bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà ní ìgbìmọ̀. Bí a bá lè bù kún owó tí àwọn aṣèṣirò ń yẹ̀ wò, kí ni a ó ti wí nípa oore tí ẹnikẹ́ni kì í kà?

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ìròyìn ilé-iṣẹ́ bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ ka orúkọ àwọn olùdarí àti ibi tí wọ́n ti wá. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá ka iye kànga.