Ta Ni Yóò Ṣe Alákòóso Omi àti Iná?

Bí omi bá dá lẹ́nu ẹ̀rọ ní Àjàṣẹ́, tàbí tí iná bá kú lálẹ́ ní Kétu, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń bú. Síbẹ̀, òbí tí kò fẹ́ kí ọmọ òun jókòó sórí àga ọ̀gá náà kò pọ̀. Iṣẹ́ náà ní owó oṣù, ó sì ní iyì. Ǹjẹ́ àyè ṣì wà níbẹ̀ fún ọmọ tó ń jáde ní yunifásítì?

Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń bójú tó omi àti iná tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2003 ni ìjọba pinnu láti pín in sí méjì: SBEE mú iná, SONEB mú omi àwọn ìlú ńlá. Ohun tí ọ̀gá àgbà kan ń darí di ti ẹni méjì, àwọn olórí ẹ̀ka náà sì pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àga ọ̀gá kì í pọ̀ títí, ẹni tó bá sì jókòó sórí rẹ̀ kì í tètè dìde.

Ìgbèríko ni ọ̀nà tuntun ti ń ṣí. Fún ọdún pípẹ́, ìgbìmọ̀ ará abúlé ló ń tọ́jú ẹ̀rọ omi wọn. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, wọn a dá owó jọ. Bí owó kò bá pé, wọn a padà sí odò. Ní ọdún 2017, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ fún omi ìgbèríko. Àjọ náà ń ri ọ̀pá omi wọ àwọn abúlé, a sì ń gbé ìtọ́jú wọn lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè fi Kútọnu nìkan ṣe ibùjókòó. Ó nílò alákòóso tí yóò gbé nítòsí ọ̀pá, tí yóò gbọ́ èdè àwọn ará ibẹ̀, tí kò sì ní kọ̀ láti gun alùpùpù lọ sí oko. Ọ̀pọ̀ ọmọ yunifásítì kò fẹ́ gbọ́ èyí. Kútọnu ni ojú wọn wà.

Kí ni alákòóso ń ṣe gan-an? Kí a ní ilé-iṣẹ́ kan tú garawa omi 100 sínú ọ̀pá, tí owó garawa 75 péré sì wọlé. Níbo ni 25 lọ? Ọ̀pá kan lè bẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. Ẹnì kan lè fa omi lọ sílé láìsanwó. Ẹ̀rọ tó ń ka omi lè ti kú. Ó sì lè jẹ́ pé ọ́fíìsì ìjọba kan ni kò tíì san gbèsè rẹ̀; èyí náà máa ń ṣẹlẹ̀. Alákòóso ni yóò wá 25 náà rí, láìbá aráàlú jà. Obìnrin tó ń ta omi lẹ́nu ẹ̀rọ ní abúlé ń ṣe irú ìṣirò yìí: ó ń kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ sínú ìwé ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, ó ń yọ èkíní kúrò nínú èkejì, kí ó tó ka owó inú àpò rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò rọrùn ní ìlú ńlá. Ní ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ kan láti Kánádà ni ìjọba gbé ìṣàkóso SBEE lé lọ́wọ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ kò wọ́n. ENEAM ní Kútọnu ń kọ́ni ní ìṣàkóso àti ìṣirò owó. Ní Abomey-Calavi, a ń kọ́ iṣẹ́ iná ní EPAC, a sì ń kọ́ iṣẹ́ omi ní INE. Àwọn mìíràn ń lọ sí 2iE ní Wagadugu. Ẹni tó mọ ọ̀pá tí kò mọ ìṣirò, tàbí tó mọ ìṣirò tí kò mọ ọ̀pá, yóò pẹ́ kí ó tó gòkè.

Ìkéde ìgbaniṣíṣẹ́ máa ń jáde nínú ìwé ìròyìn, a sì lè béèrè lọ́dọ̀ ANPE. Ẹni tó bá ní kí bàbá kan ní Ṣábẹ̀ ta oko kajú rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ lè wọlé, kò ní àga kankan lọ́wọ́. Ohun tó yẹ kí bàbá náà tètè wò ni ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ náà. Bí orúkọ inú rẹ̀ kò bá bá ti ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ mu, kí ó lọ tún un ṣe nísinsìnyí, kí ìkéde tó jáde.